“Ó Ti Lọ” Kì Í Ṣe “Ó Ti Dé”

Láyé àtijọ́, kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ láàárín wa, bí àwọn baba wa bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan wà títí, wọn a pe ẹlẹ́rìí sí i. Bí ẹnì kan bá yá ẹlòmíràn lówó, tàbí tí ó fún un ní ilẹ̀ kí ó máa fi dáko, ojú ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ọ̀rọ̀ má baà yí padà lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tí ìwé dé, ìwé di ẹlẹ́rìí. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìwé. Owó wa ní báńkì, orúkọ wa ní ilé-ìwé, máàkì ìdánwò wa, àní àkọsílẹ̀ àìsàn wa ní ilé ìwòsàn pàápàá, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Nítorí náà, ó tọ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan tí àwọn baba wa kì bá tí gbàgbé láti bi: nígbà tí kọ̀ǹpútà bá sọ fún wa pé òun ti kọ ohun kan sílẹ̀, kí ni ó fi dá wa lójú pé ó ti kọ ọ́ ní tòótọ́, àti pé ohun tí ó kọ náà kò ní parẹ́?

Èrò tèmi ni pé ìkànnì ayélujára kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ènìyàn pé “Ó ti wọlé” àfi ìgbà tí ohun tí ẹni náà fi ránṣẹ́ bá ti wà ní ibi tí kò lè parẹ́ bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ lójijì. Mo sì tún gbà pé ẹni tí ó ṣe ìkànnì náà kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìgbàgbọ́ lásán. Ó gbọ́dọ̀ dán an wò títí yóò fi rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni èyí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni, ọ̀rọ̀ òtítọ́ sì kan gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ọjà, nítorí pé àwọn oníṣòwò wa ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kí ọ̀pọ̀ akọ́mọ̀wé tó kọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí a pààrọ̀ owó bébà náírà 200, 500 àti 1,000, owó bébà ṣọ̀wọ́n ní gbogbo Nàìjíríà, débi pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń san owó iṣu àti owó ọkọ̀. Ní àkókò náà, àríyànjiyàn pọ̀ ní ọjà. Oníbàárà yóò gbé fóònù rẹ̀ sókè, yóò ní, “Ìyá, ẹ wò ó, owó ti lọ.” Ìyá oníṣu yóò wo fóònù tirẹ̀, yóò ní, “Ọmọ mi, kò tí ì dé ọ̀dọ̀ mi.” Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí èké nínú àwọn méjèèjì. Owó ti kúrò nínú àkáǹtì ẹnì kìíní ní tòótọ́, kò sì tí ì wọ àkáǹtì ẹnì kejì. Èdè wa ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ dáradára: “ó ti lọ” kì í ṣe “ó ti dé.” Ìyá tí ó kọ̀ kí iṣu rẹ̀ kúrò nílẹ̀ títí álẹ́ẹ̀tì báńkì tirẹ̀ yóò fi dún kì í ṣe ahun, ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn tí ó tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í gba álẹ́ẹ̀tì nìkan gbọ́, nítorí pé àwọn oníjìbìtì ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Iye owó tí ó wà nínú àkáǹtì gan-an ni wọ́n ń lọ wò. Wọ́n mọ ibi tí ẹ̀rí wà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀nà tí ohun tí a tẹ̀ sórí fóònù ń gbà kí ó tó di àkọsílẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí ìkànnì kan. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti àwọn ẹ̀kọ́ tí ó yàn, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí fóònù, ó gba afẹ́fẹ́ àti okùn lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá kan tí à ń pè ní sáfà, èyí tí ó lè wà ní Èkó, tí ó sì lè wà ní òkè òkun. Ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà náà gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi í lé dátábéèsì lọ́wọ́. Dátábéèsì ni akọ̀wé àgbà. Òun ni ó ń to ọ̀rọ̀ sí ipò wọn, òun náà ni ó sì ń wá wọn jáde nígbà tí a bá béèrè. Ṣùgbọ́n dátábéèsì kì í sábà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sórí dísìkì. Ètò àgbà tí ń darí kọ̀ǹpútà, irú bíi Linux, ni ó ń rán ní iṣẹ́ náà. Linux a gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìrántí kọ̀ǹpútà ná, pẹ̀lú èrò pé òun yóò kọ ọ́ sórí dísìkì bí ó bá yá. Dísìkì náà sì ní ìrántí kékeré tirẹ̀, níbi tí ó lè gba ọ̀rọ̀ sí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí yóò máa wà.

Ẹ kíyè sí i pé ní ibùdó kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà yìí ni ẹnì kan ti lè dáhùn pé, “Mo ti gbà á.” Sáfà lè sọ bẹ́ẹ̀, dátábéèsì lè sọ bẹ́ẹ̀, Linux lè sọ bẹ́ẹ̀, dísìkì náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni olúkúlùkù ń sọ nípa ibùdó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí kọ̀ǹpútà, bí ó tilẹ̀ yára, iná ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tí kò tí ì kọjá inú ìrántí dà bí ohun tí a fi ìka kọ sórí yanrìn etí òkun: a lè kà á dáradára, títí ìgbì yóò fi dé.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀mọ̀ràn kọ̀ǹpútà kò mọ èyí. Jim Gray, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 1998, ṣe iṣẹ́ ńlá lórí bí dátábéèsì ṣe lè pa ìlérí rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1983, Theo Härder àti Andreas Reuter, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Jámánì, kó àwọn ìlérí náà jọ sí mẹ́rin, wọ́n sì fi lẹ́tà mẹ́rin sọ wọ́n lórúkọ: ACID. Ìlérí kìíní ni pé iṣẹ́ kan yóò parí pátápátá, tàbí kí ó dà bí ẹni pé kò bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìkejì, pé kò ní ba ìlànà tí a fi lélẹ̀ jẹ́. Ìkẹta, pé iṣẹ́ ẹnì kan kò ní da ti ẹlòmíràn rú. Ìkẹrin, tí í ṣe èyí tí à ń sọ lónìí, ni pé ohun tí dátábéèsì bá ti fọwọ́ sí pé ó parí, kò ní parẹ́ mọ́, ìbáà jẹ́ pé iná lọ kí á tó ṣẹ́ ojú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa ìlérí kẹrin yìí mọ́ jọ iṣẹ́ alájọ. Alájọ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba owó kí ó sì wí pé òun yóò fi àmì sí káàdì nígbà tí òun bá délé. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò ti fi àmì sí i, lójú olówó, kí ó tó kúrò ní ìsọ̀. Bí ó bá wá délé, yóò fara balẹ̀ to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni PostgreSQL, MySQL àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ṣe. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwé ńlá lórí dísìkì, wọn a kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú ìwé pélébé kan. Wọn a sì pàṣẹ fún Linux, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ fsync, pé kí ó má ṣe dá wọn lóhùn títí ohun tí ó wà nínú ìwé pélébé náà yóò fi wà lórí dísìkì gan-an. Ìgbà tí fsync bá mú ìròyìn rere padà wá ni wọ́n tó sọ fún ètò ìkànnì pé, “Ó parí.” Bí iná bá lọ lẹ́yìn náà, kò séwu. Nígbà tí dátábéèsì bá jí, yóò ka ìwé pélébé náà, yóò sì ṣe gbogbo iṣẹ́ tí kò tí ì wọ ìwé ńlá.

Níbo, nígbà náà, ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́? Ibi mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní ni ètò ìkànnì fúnra rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí ń kọ ètò fẹ́ kí iṣẹ́ wọn dà bí ohun tí ó yára ju mànàmáná lọ. Bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, wọn a ti kọ “Ó ti wọlé” sójú fóònù, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò tí ì kúrò nílé. Wọ́n ń retí pé yóò parí láìpẹ́. Lóòótọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ni yóò parí. Ṣùgbọ́n ìrètí kì í ṣe ẹ̀rí. Òfin ayélujára fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún òtítọ́. Sáfà tí ó bá fẹ́ sọ pé òun ti dá ohun tuntun sílẹ̀ a fi nọ́ńbà 201 dáhùn. Èyí tí ó bá fẹ́ sọ pé òun ti gba iṣẹ́ náà ṣùgbọ́n òun kò tí ì ṣe é tán, a fi 202 dáhùn. Ẹni tí ó bá gba 202 lọ́wọ́ sáfà, tí ó sì kọ “Ó ti parí” sójú ènìyàn, irọ́ ni ó pa.

Èkejì ni dátábéèsì. Ó ní àwọn àṣẹ kan tí a lè fún un kí ó máa dáhùn láìdúró de dísìkì. A lè sọ fún MySQL pé kí ó máa pe fsync ní bí ẹ̀ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, dípò kí ó máa pè é fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Redis pẹ̀lú, bí a bá tan ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí a kò sì pàṣẹ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ MongoDB, títí di oṣù kọkànlá ọdún 2012, ètò tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ kì í dúró gbọ́ èsì rárá, àfi bí a bá pa á láṣẹ. Ńṣe ni ó ń ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá kan lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń sanwó láàárín rẹ̀, ẹgbẹ̀rún ẹ̀rí ni ó lè bá a lọ. N kò sọ pé àwọn àṣẹ wọ̀nyí burú. Ohun tí mo sọ ni pé ẹni tí ó bá lò wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun lò wọ́n, kò sì gbọdọ̀ máa ṣe ìlérí tí wọn kò lè mú ṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni dísìkì àti ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2005, Brad Fitzpatrick, ẹni tí ó dá ìkànnì LiveJournal sílẹ̀, kọ ètò kékeré kan tí a fi ń mú dísìkì tí ó bá ń purọ́. Kọ̀ǹpútà kan a máa kọ nǹkan sórí dísìkì rẹ̀, a sì máa ròyìn fún kọ̀ǹpútà kejì ní gbogbo ìgbà tí dísìkì bá sọ pé òun ti kọ ọ́. Lójijì, a ó fa okùn iná kọ̀ǹpútà kìíní yọ. Nígbà tí ó bá jí, a ó fi ohun tí ó wà lórí dísìkì wé ohun tí kọ̀ǹpútà kejì gbọ́. Báyìí ni a ṣe ń mọ àwọn dísìkì tí ń sọ pé àwọn ti kọ ohun tí wọn kò tí ì kọ.

Ohun tí àwọn tí ń ṣe PostgreSQL rí ní ọdún 2018 tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ó ti tó bí ogún ọdún tí wọ́n ti gbà pé, bí fsync bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, àwọn lè tún un pè, àti pé bí ó bá dáhùn lẹ́ẹ̀kejì pé ó dára, a jẹ́ pé ó dára. Linux kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí dísìkì bá kọ̀ láti gba ọ̀rọ̀ kan, Linux lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì wá ka ọ̀rọ̀ náà sí èyí tí kò sí iṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a bá tún béèrè, yóò ní kò sí wàhálà, nítorí pé kò sí ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ. Ọ̀rọ̀ ti sọnù, ìdáhùn sì ni “Ó dára.” Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní oṣù kejì ọdún 2019, wọ́n gbé àtúnṣe jáde. Láti ìgbà náà, bí fsync bá kùnà, PostgreSQL kì í tún un pè mọ́. Ńṣe ni ó ń dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀, tí ó sì ń ti inú ìwé pélébé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Mo fẹ́ràn àtúnṣe yìí púpọ̀. Akọ̀wé tí kò bá mọ̀ bóyá ohun tí ó kọ wà nínú ìwé, ó sàn kí ó gbé kálámù sílẹ̀ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ju kí ó máa kọ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Báwo, nígbà náà, ni a ṣe lè mọ̀ dájú? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé kí á kà á padà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìkànnì tí a fi ọgbọ́n ṣe, lẹ́yìn tí ó bá gba fọ́ọ̀mù, a darí ènìyàn lọ sí ojú ewé mìíràn tí a ti inú dátábéèsì kà jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀. Èyí fi hàn pé ètò ìkànnì kò kàn ń sọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n kò fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí dísìkì, nítorí pé inú ìrántí ni dátábéèsì ti sábà máa ń mú ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jáde. Ohun tí a kọ sórí yanrìn náà ṣeé kà. Ẹ̀rí tí ó dájú ni kí á kọ ọ́, kí á pa iná lójijì, kí á tan iná padà, kí á tó wá kà á. Kì í ṣe lórí sáfà tí àwọn ènìyàn ń lò ni a ó ti ṣe èyí, bí kò ṣe lórí èyí tí ó bá a dọ́gba tí a yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò. Kí á máa ṣe é léraléra pẹ̀lú, nítorí pé àṣẹ kan tí a yí padà lánàá lè ba ohun tí a rí ní ọdún tó kọjá jẹ́.

Dísìkì kan ṣoṣo kò sì tó, nítorí pé dísìkì lè bàjẹ́, ilé tí ó wà sì lè jóná. Nítorí náà ni a ṣe ń ní ẹ̀dà ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà pàápàá ní láti gba ìdánwò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab fẹ́ pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́ lórí sáfà kejì, ṣùgbọ́n orí sáfà àgbà ni ó ti pa á rẹ́. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n rò pé àwọn ń gbà tọ́jú ẹ̀dà. Nígbà tí ìṣòro dé, kò sí èyí tí ó ṣeé gbára lé. Ọ̀kan nínú wọn ti ń kùnà láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, nítorí pé ètò tí ń ṣe ẹ̀dà náà kò bá dátábéèsì dọ́gba mọ́. A tilẹ̀ ti ṣètò pé kí lẹ́tà máa lọ sọ fún wọn bí ó bá kùnà, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó gbà wọ́n ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan ti ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn. Gbogbo ohun tí ó wọ dátábéèsì láàárín wákàtí mẹ́fà náà ló sọnù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí bíi 5,000 iṣẹ́, 5,000 ọ̀rọ̀ ìdásí, àti àkáǹtì tuntun 700. Ilé-iṣẹ́ náà kò fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ayé láti kà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹ̀dà tí a kò tí ì fi tún ilé kọ́ rí kì í ṣe ẹ̀dà; ìrètí ni.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2018, okùn tí ó so àwọn kọ̀ǹpútà GitHub pọ̀ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà já fún ìṣẹ́jú-àáyá 43 péré. Láàárín àkókò kékeré náà, ẹ̀dà ìwọ̀-oòrùn gba ipò àgbà, nígbà tí àwọn ọ̀rọ̀ kan tí a ti kọ ní ìlà-oòrùn kò tí ì dé ìwọ̀-oòrùn. Ó di ìwé méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ara mu. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni iṣẹ́ wọn kò fi gún régé, nítorí pé wọ́n yàn láti tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn dípò kí wọ́n sáré ṣílẹ̀kùn. Àwọn kan bínú sí ìdádúró náà. Ní tèmi, mo gbà pé wọ́n yàn dáradára.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ní ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní dídúró de dísìkì ń fa ìdádúró, àti pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn ìkànnì tí ó bá lọ́ra. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dátábéèsì tí ó gbọ́n a máa kó ọ̀rọ̀ ènìyàn púpọ̀ pọ̀ sínú ìpè fsync kan ṣoṣo, bí ọkọ̀ ojú omi kan ti í gbé ogún èrò sọdá lẹ́ẹ̀kan náà. Dísìkì sì wà tí ó ní agbára iná kékeré nínú ara rẹ̀, tí ó tó láti fi kọ ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán bí iná bá lọ. Ẹni tí ó bá ní owó púpọ̀ ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò yẹ kí ó ka owó dísìkì bẹ́ẹ̀ sí ìnáwó àpà, pàápàá ní ilẹ̀ wa níbi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko.

Mo sì gbà pé ohun gbogbo kò wúwo bákan náà. Bí a bá ń ka iye ènìyàn tí ó wo àwòrán kan, tí ẹni mẹ́wàá sì bọ́ sílẹ̀ nínú ìṣirò nítorí pé iná lọ, kò sí ẹni tí yóò sunkún. Ẹni tí ó ń tọ́jú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lè yan ìyára. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé, ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò, àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìwé ilẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Kí á tó kọ ìlà kan nínú ètò, ó yẹ kí á béèrè pé: bí èyí bá sọnù, ta ni yóò jìyà rẹ̀?

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìkànnì kò fẹ́ sọ, èyí ni “N kò mọ̀.” Nígbà mìíràn, a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já, èsì kò sì dé. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò dé ibẹ̀ rárá. Ó sì lè jẹ́ pé ó dé, a kọ ọ́, ṣùgbọ́n èsì ni ó sọnù lójú ọ̀nà. Bí ìkànnì bá sọ pé “Ó kùnà,” ènìyàn lè san owó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sọ pé “Ó parí,” ó lè má san án rárá. Ọ̀nà àbáyọ wà: kí fóònù fi nọ́ńbà kan tí kò ní ìkejì sára ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí dátábéèsì sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ náà. Bí ìbéèrè kan náà bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, dátábéèsì yóò mọ̀ pé ọ̀kan ni, yóò ṣe é lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fún un ní èsì kan náà. Báyìí, ènìyàn lè tún un tẹ̀ láìbẹ̀rù, títí òtítọ́ yóò fi hàn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lógún ni pé “bẹ́ẹ̀ ni” tí kò ní ìdí burú ju “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ. Ọmọ tí ìkànnì sọ fún pé “Kò wọlé, tún un ṣe,” yóò tún un ṣe kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a sọ fún pé “Ó ti wọlé,” yóò fọkàn balẹ̀, yóò jókòó ti ìwé rẹ̀, títí ọjọ́ ìdánwò tí a kò ní rí orúkọ rẹ̀. Irọ́ náà ni ó gba àyè àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kan ti lọ, kò sì sí ẹlẹ́rìí tí yóò gbà á, nítorí pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó ní ni ó parẹ́ nígbà tí iná lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò fi kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Gbogbo yín ni yóò sì máa lò ó. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ má ṣe kúrò lójú ewé títí ẹ ó fi gba nọ́ńbà, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ sì padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá ń ṣe é fún ẹlòmíràn, ẹ rántí pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkànnì yín sọ pé ohun kan ti dé, nígbà tí ohun tí ẹ mọ̀ kò ju pé ó ti lọ.